Ìpayà Ni, Kì í Ṣe Ìnáwó

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nínú èyí tí ó ti pe Giannis, ọmọ Adétòkunbọ̀, ní aláìmoore, nítorí ìròyìn tó ń jà ràn-ìn láti ọdún 2025 pé inú rẹ̀ kò dùn mọ́ sí bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Milwaukee Bucks ní Amẹ́ríkà. Òǹkàwé náà ní àwọn tó ni ẹgbẹ́ yìí ti náwó nára nítorí ọmọ náà, àti pé ẹni tí a bá ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún kò lẹ́nu láti ráhùn. Mo fi sùúrù ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó pè ní ìnáwó yẹn gan-an ni èmi, tí mo ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ yìí láti Ìkẹ́nnẹ́ níbí láti ọdún 2014, ń pè ní ìpayà.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ bá wa máa kọ orúkọ bàbá ọmọ náà bí a ṣe ń pè é nílé. Ọmọ Yorùbá ni Charles bàbá rẹ̀, ọmọ Igbo ni Veronica ìyá rẹ̀, Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n sì bí i sí ní 1994. Àwọn Gíríìkì, tí kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo fún ìró D tàbí B nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn, ló sọ Adétòkunbọ̀ di Antetokounmpo. Àwọn ni ọ̀ranyàn bá láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò bá ìwé ìròyìn Yorùbá. Orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ fà mí jókòó síwájú eré tí n kò mọ òfin rẹ̀ rárá nígbà náà.

Eré tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní Milwaukee, aago kan tàbí aago méjì òru ni lọ́dọ̀ wa. Òǹwòran tó wà ní Rẹ́mọ ti fi oorun rẹ̀ san owó ìwọlé kí ó tó ra dátà rárá. Ní òru ọjọ́ Iléyá ọdún 2021, tí ẹran àgbò ṣì wà nínú ìkòkò ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣágámù, àwa mẹ́fà la yí fóònù kan ṣoṣo ká, tí a gbé e ti ara ìgò mínírà, títí Giannis fi jẹ àmì ayò 50 lóun nìkan, tí Bucks fi 105 sí 98 borí Phoenix Suns, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ti gbà gbẹ̀yìn ní 1971. Ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi jáde wá bi wá pé ṣé olè ló wọlé ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni san owó oorun náà fún mi o. Mo kàn fẹ́ kí òǹkàwé yín mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń ti ẹ̀bá ọ̀nà wòran ló ń bá a fèsì.

Ta ló rí ọmọ yìí? Kì í ṣe àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà báyìí. Ìgbà Herb Kohl ni wọ́n mú un wọlé ní 2013, nígbà tí ẹgbẹ́ 14 ti fojú fò ó dá. Ọmọ bíbí Milwaukee ni Kohl, mílíọ̀nù 18 dọ́là ló fi ra ẹgbẹ́ náà ní 1985. Kò mọ bí a ti ń gba ife, òtítọ́ ni; ní sáà tó lò kẹ́yìn, eré 15 péré ni wọ́n borí, wọ́n sì pàdánù 67. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ tà á ní 2014, ó fi dandan lé e pé ẹni tó bá rà á kò gbọ́dọ̀ kó ẹgbẹ́ náà kúrò ní ìlú, ó sì tún yọ mílíọ̀nù 100 dọ́là nínú àpò ara rẹ̀ fún kíkọ́ pápá ìṣeré tuntun. Wes Edens àti Marc Lasry ló rà á ní mílíọ̀nù 550. Wọ́n bá ọmọ náà nínú ilé ni.

Ní ọdún 2023, Lasry ta ìpín tirẹ̀, tí ó jẹ́ ìdámẹ́rin, fún ìdílé Haslam, ní ìṣirò pé gbogbo ẹgbẹ́ náà tó bílíọ̀nù 3.5 dọ́là. Ohun tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù 550 ló di bílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ kí òǹkàwé yín tún ìṣirò náà ṣe, kí ó sì sọ fún wa ẹni tó ná owó lé ẹnì kejì lórí. Ìdílé Haslam yìí kan náà ló ni Cleveland Browns, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó gbá eré 16 ní sáà 2017 láì borí ẹyọ kan, nítorí náà ojú kò lè má là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní líìgì NBA, ọdọọdún ni wọ́n ń pín àwọn ọmọ tuntun tó ń bọ̀ láti yunifásítì àti láti ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù ló ń mú kẹ́yìn, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè rí nǹkan fi gbéra. Wọ́n sì gba ẹgbẹ́ láyè láti fi ẹ̀tọ́ yìí ṣe pàṣípààrọ̀, títí kan ti àwọn ọdún tí kò tíì dé. Ní Oṣù Kọkànlá 2020, nígbà tí àdéhùn Giannis ń lọ sópin, àwọn olówó Bucks kó ẹ̀tọ́ ọdún 2025 àti 2027 fún New Orleans, wọ́n sì gbà pé kí New Orleans lè pààrọ̀ tirẹ̀ mọ́ tiwọn ní 2024 àti 2026, nítorí àtigba agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Jrue Holiday. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Giannis tọwọ́ bọ ìwé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àdéhùn tún dé ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, wọ́n fi Holiday fúnra rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀tọ́ ọdún 2029 lé e, wọ́n sì fi àṣẹ ìpààrọ̀ ti 2028 àti 2030 kún un fún Portland, kí wọ́n lè gba agbábọ́ọ̀lù mìíràn, Damian Lillard. Ní Oṣù Kẹwàá, Giannis tún tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ wo bí ó ti bá ara mu tó. Ìgbàkígbà tí ẹ̀rù bá ti ń bà wọ́n pé ọmọ náà lè lọ, ọjọ́ iwájú ni wọ́n ń mú lọ sọ́jà. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sí i, n kò ní purọ́. Holiday wà lára àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ 2021 fún wọn, òun ló sì já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Devin Booker, agbábọ́ọ̀lù Suns, nínú eré karùn-ún àṣekágbá náà. Bíbọ́ sí i yẹn ló kọ́ wọn ní ìwàkiwà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí, ẹni tó bá hú pákí láti fi yan gàrí a máa kó igi rẹ̀ jọ, torí igi yẹn ni yóò gbìn ní ọdún tó ń bọ̀. Àwọn olówó Bucks hú pákí wọn, wọ́n sì tún fi igi rẹ̀ dáná tí wọ́n fi yan gàrí náà. Holiday tí wọ́n jù sílẹ̀ bọ́ sí Boston láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ níbẹ̀ ní 2024.

Lórí ọ̀rọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá, n kò ní lọ jìnnà kí n tó rí àpẹẹrẹ, nítorí pápá Remo Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wa níbí, kò jìnnà sí ilé mi. Ẹgbẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Soname dá sílẹ̀ yìí ti já bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà rí kó tó padà gòkè. Ní 2023, ipò kejì ni wọ́n wà sí Enyimba. Ní 2024, ipò kejì náà ni, sí Rangers. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá pàdánù ife lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra ní ẹnu ọ̀nà. Àwa fúnra wa ń kùn ní ìdí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo wà lára àwọn tó ń kùn. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ kò dá wa lóhùn. Kò lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, Daniel Ògúnmódẹdé, kúrò ní ipò rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé sì ń wọlé sínú ẹgbẹ́ àgbà díẹ̀díẹ̀. Ní 2025, Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà, eré sì ṣì kù nílẹ̀.

Ní Milwaukee, Mike Budenholzer, tó gba ife ẹ̀yẹ 2021 fún wọn, borí eré 58 nínú 82 ní sáà 2022 sí 2023, èyí tó pọ̀ jù ní gbogbo líìgì náà. Giannis fi ẹ̀yìn ṣèṣe nínú eré àkọ́kọ́ pẹ̀lú Miami nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ tó tẹ̀lé sáà náà, Miami lé wọn jáde, wọ́n sì lé Budenholzer lọ ní Oṣù Karùn-ún. Wọ́n mú Adrian Griffin, tí kò darí ẹgbẹ́ kankan rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà. Griffin borí 30, ó pàdánù 13, wọ́n sì lé òun náà ní Oṣù Kìn-ín-ní 2024. Doc Rivers ló kàn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kò tíì jẹun tán lọ́wọ́ ẹnì kan kí wọ́n tó gbé àwo wọn lọ síwájú ẹlòmíràn. Indiana Pacers lé wọn jáde ní ìpele àkọ́kọ́ ní 2024, wọ́n tún lé wọn jáde níbẹ̀ ní 2025.

Lẹ́yìn náà ni ìpayà kẹta dé. Iṣan gìgísẹ̀ Lillard já nínú eré 2025 yẹn. Ní Oṣù Keje, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì pín owó rẹ̀ tó kù, tó lé ní mílíọ̀nù 110 dọ́là, sí ọdún márùn-ún, kí àyè lè yọ láti gba Myles Turner láti ọwọ́ Pacers kan náà tó na wọ́n. Lillard padà sí Portland. Bucks yóò máa san owó lé e lórí níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ 2029 tí wọ́n kó lọ nítorí rẹ̀ kò bá a padà wálé. N kò mọ orúkọ tí òǹkàwé yín yóò fún irú òwò yìí, ṣùgbọ́n bí ìyálọ́jà kan bá ṣe é ní ọjà Fálàwò ní Ṣágámù, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò pe ìpàdé ẹbí.

Ẹlòmíràn lè ní Jon Horst, tó ń bójú tó gbígbà àti yíyọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ló yẹ kí n dá lẹ́bi. Kò sí ọmọọṣẹ́ tí yóò ta ẹ̀tọ́ ọdún méje tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ọjà ti mi orí sí i. Ẹlòmíràn tún lè ní Giannis fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu halẹ̀ mọ́ wọn tí wọ́n fi ń sáré. Ó ṣeé ṣe, ó sì ti sọ ní gbangba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ife ni òun ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ife kò ní kí ẹ dáná sun oko. Ọmọ tó ń béèrè oúnjẹ lálẹ́ kò ní kí bàbá rẹ̀ ta ilé.

Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ tẹ lẹ́tà yìí sí ojú ewé kan náà tí ẹ tẹ ti òǹkàwé yẹn sí, kí àwọn tó ka tirẹ̀ lè ka tèmi. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé e kúrú nítorí àyè, ẹ gé ibi Iléyá kúrò, kí ẹ fi ibi tí mo ti kọ Adétòkunbọ̀ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ