Ẹ má lé àwọn ọmọ tó ń kọ́ fèrè lọ sínú igbó

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ fèrè àti ìlù ládùúgbò wa n'Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Níbi mítìnì lándìlọ́ọ̀dù tá a ṣe kẹ́yìn, wọ́n ní ọmọ tó bá fẹ́ máa fun tọ́ńpẹ́ẹ̀tì tàbí sasofóònù kó wá inú igbó lọ, pé ariwo náà ti sú àwọn. Baba kan wá dìde, ó ní àwọn onílù ayé àtijọ́ ò wọ yàrá lọ kọ́ ìlù, àárín èrò ni wọ́n ti kọ́ ọ, torí náà ọmọ tí ò bá ti lè fun fèrè lójú èèyàn kó gbé e jù sílẹ̀ kó lọ kọ́ṣẹ́ míì. Mo gbọ́ tibí, mo gbọ́ tọ̀hún, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀, torí èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́yà wa ní fèrè, mo mọ ohun tójú wọn ń rí.

Ẹ jẹ́ n ti orí ọ̀rọ̀ baba yẹn bẹ̀rẹ̀ torí òótọ́ wà ńbẹ̀. Ọmọ àyàn kì í tilẹ̀kùn mọ́rí kọ́ ìlù. Wọn ò tiẹ̀ ní gbé ìyáàlù fún un níbẹ̀rẹ̀, ìlù kékeré tó ń tẹ̀lé ìyáàlù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kọ́ ọ lọ́rùn, á dúró sẹ́yìn àwọn àgbà níbi ìkómọ, níbi òkú àgbà, ohun kan náà láá sì máa lù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó bá ṣì í lù àwọn tó kù á bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi bàbá ẹ̀ tó máa bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń lù yẹn, tóun nìkan bá lọ jókòó sí yàrá lù ú, kò lè dá nítumọ̀, àárín kẹríkẹrì àti gúdúgúdú ló ti ń di orin.

Tó bá wá dàgbà tó kan ìyáàlù ńkọ́? Ìyẹn gan-an tún fẹ́ èèyàn nítòsí, torí ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù ń sọ. Ọmọkùnrin kan ń kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Á gbé ìlù kọ́ èjìká, ọwọ́ òsì á wà lára ọsán, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún kí ohùn ìlù lè yí, ọwọ́ ọ̀tún á mú kọ̀ǹgọ́, á máa fi ki ìyá alákàrà tó wà ní ìta. Lọ́jọ́ kan, ó yẹ kí ohùn lọ sókè níparí, kò tètè fún ọsán, ni ohùn bá wálẹ̀. Ìyá ò gbójú kúrò lára epo tó ń hó, ó ní, "Ìyẹn kọ́ lorúkọ mi o, tún un pè." Ọmọ tún un lù. Ìyá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, èmi nìyẹn." Tíṣà wo lẹ tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ Yorùbá, gbogbo àdúgbò ló lè tún un ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ò rí bẹ́ẹ̀ o, ibi tí mi ò ti bá baba gbà nìyẹn. Ìyá alákàrà ò lè tún tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ṣe. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló wà lórí ẹ̀, bọ́tìnnì kan náà lo máa tẹ̀ tí nóòtì oríṣiríṣi á máa jáde, ètè lo máa fi yan èyí tó o fẹ́. Ètè ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ò tíì lágbára, ó wá nóòtì kan lọ, ó bá òmíràn pàdé, ohùn á há, á tún ké lójijì. Ọ̀nà tí wọ́n sì fi ń borí ẹ̀ ni kó mú nóòtì kan, kó fà á gùn jẹ́jẹ́, kó gbé fèrè kúrò lẹ́nu kí ètè sinmi, kó tún fà á. Kò dùn-ún gbọ́, kò sì yẹ kó dùn-ún gbọ́ nígbà yẹn. Ẹ wá gbé ọmọ yẹn síta kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa fi rẹ́rìn-ín, ẹ wò ó bóyá á tún fa nóòtì kankan gùn. Orin tó ti mọ̀ láá máa fun ní gbogbo ìgbà kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un, ibi tó le fún un á sì wà bó ṣe wà. Mo ti rí èyí lára wọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń dùn mí.

Èmi nìkan kọ́ ló rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan wà l'Amẹ́ríkà nígbà kan tó ń jẹ́ Robert Zajonc, lọ́dún 1965 ló kọ ọ́ pé téèyàn bá wà nítòsí, ohun tá a ti mọ̀ dunjú á túbọ̀ yá wa lọ́wọ́, àmọ́ èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á túbọ̀ le fún wa. Ní 1969 òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dán an wò lára aáyán pàápàá, aáyán tó ń sáré lójú ọ̀nà gbọọrọ tètè débi tó ń lọ nígbà táwọn aáyán míì ń wo ó, èyí tó ní láti yà kó tó débẹ̀ ló wá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó sì ti di gbajúmọ̀ pàápàá ṣì ń wá ibi tó máa dá wà. Láti 1959 títí di 1961 ni Sonny Rollins, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fun orin jáàsì, fi ń gbé sasofóònù ẹ̀ lọ sórí afárá Williamsburg ní New York láti lọ máa fun un, torí aboyún kan wà nílé tó wà nítòsí tiẹ̀, kò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Ó ti lórúkọ kó tó máa lọ síbẹ̀ o.

Àmọ́ ọmọ tó bá wá fi ẹ̀rọ etí sétí, tóun àti kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ń bára wọn gbé ní yàrá títí, ìyẹn náà léwu tiẹ̀. Tó bá ṣì í tẹ̀ á dúró, á padà sẹ́yìn, á tún un tẹ̀, á dà bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n. Kọ́yà ò ní dúró dè é lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ sì mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó ń dárin ò ní sọ kíì tó fẹ́, ìyẹn nóòtì tó máa gbé orin lé, fún ẹnikẹ́ni, ibi tí ohùn ẹ̀ bá jí sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló máa ti gbé orin, ìwọ ni wàá máa wá a kiri. Kíbọ́ọ̀dù ní bọ́tìnnì tó lè fi yí i, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ò ní. Pabanbarì ẹ̀, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì B-flat táwọn ọmọ wa ń lò, tí kíbọ́ọ̀dù bá wà lórí nóòtì C, orí nóòtì D ló gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó jọ dún. Ọmọ tó dá kọ́ ọ ní yàrá kò lè fura, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ bá kíbọ́ọ̀dù pàdé ló máa dà bíi pé ẹnì kan ń tàn án jẹ. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, òun náà ló ń jẹ onífèrè wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin lándìlọ́ọ̀dù, mo bẹ̀ yín, igbó kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ò gbọ́dọ̀ dá lọ sínú igbó nírọ̀lẹ́ nítorí orin. Jẹnẹrétọ̀ ń dún mọ́ wa lórí lálaalẹ́ a ò pe mítìnì sí i. Ẹ dá àkókò fún wọn, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti tó, kí àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ráyè sùn láwọn ìgbà tó kù. Nǹkan kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń kì bọ ẹnu tọ́ńpẹ́ẹ̀tì kí ariwo ẹ̀ lè lọlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ àmọ́ ó ń há atẹ́gùn mọ́nú, kì í ṣe ohun tí ọmọ máa fi kọ́ fèrè lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti alàgbà wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Ifẹ̀ yìí pọ̀ lọ jàra, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wà ní títì láti ọjọ́ Mọ́ńdè dé Sátidé àfi ìgbà tí ìsìn bá wà. Ẹ ṣí wọn fáwọn ọmọ, kí kálukú mú igun kan, kí ẹni tó ń kọ́ nǹkan tuntun wà níbi tí wọn ò ti ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí wọ́n jọ kóra jọ, àwọn onífèrè, onílù, oníkíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n fun èyí tí wọ́n ti mọ̀, kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin lándìlọ́ọ̀dù wá jókòó gbọ́ wọn, ìgbà yẹn lojú yín wúlò fún wọn.

Pásítọ̀ tiwa ti gbà, ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè la ó máa lo gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin yòókù ńkọ́?

Èmi ni tiyín,
Ìyá Kọ́yà,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.