Ẹ̀sùn lórí géètì tí ẹ fi dí ọjà ojú pópó

Ìtọ̀kú, Abẹ́òkúta.
Oṣù Kẹwàá.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ọjà ojú pópó oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó ọjọ́ náà. Oníṣòwò àdìrẹ ni mí ní Ìtọ̀kú, mo wà lára àwọn tó san ₦40,000 fún ìsọ̀ kan lábẹ́ kánópì yín. Mo kọ ìwé yìí láti fi ẹjọ́ yín sùn yín, kí ẹ sì dá owó ìsọ̀ mi padà. Ìwé tí ẹ pín fún wa sọ pé ojú títì gan-an lọjà máa wà, pé ẹ máa dínà mọ́ ọkọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, pé ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé. Ìgbà tí a kó ẹrù dé ni ẹ darí wa sínú pápá olọ́gbà kan. Ẹ gbé géètì sẹ́nu rẹ̀, ẹ sì ń gba ₦1,000 lọ́wọ́ àgbà, ₦500 lọ́wọ́ ọmọdé.

Géètì yẹn ló ba ọjà náà jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yín máa rò ó pé kí ni ₦1,000 já mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí irú ọjà yìí ṣe ń tà. Ẹni tó ti pinnu láti ra àdìrẹ, Ìtọ̀kú ló ń bọ̀ tààrà. Kò nílò ìsọ̀ tí mo sanwó rẹ̀ fún yín. Ẹni tí à ń wá kiri lójú pópó ni ẹni tí kò ní in lọ́kàn rárá: ẹni tó ń ti òde bọ̀, ẹni tí ìlù fà jáde nílé, ìyá tó kàn fẹ́ ra àkàrà fọ́mọ tí ojú rẹ̀ wá bọ́ sára aṣọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kọjá lọ, á padà, á fọwọ́ kan aṣọ, á béèrè iye rẹ̀, á ní òun ń bọ̀. Ó sì máa ń bọ̀ lóòótọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọmọ yín tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kò gbà kí ẹni tó bá jáde tún wọlé àfi tó bá tún sanwó. Báwo lẹni tó ní òun ń bọ̀ ṣe máa padà wá?

Sẹ̀tẹ́ńbà sì ni ilé-ìwé ń wọlé. Òbí ti san owó ilé-ìwé, ó ti ra ìwé, yunifọ́ọ̀mù àti bàtà. Ìyá tó kó ọmọ mẹ́ta dé ẹnu géètì yín á san ₦2,500 kó tó fojú kan ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo rí wọn láti ibi tí mo pàtẹ sí. Wọ́n dúró lẹ́yìn ọgbà, àwọn ọmọ ń yọjú láàárín wáyà, wọ́n gbọ́ ìlù díẹ̀, wọ́n sì padà sílé. Oníbàárà wa nìyẹn. Àwọn gan-an lẹ fi ń polówó fún wa nígbà tí ẹ ń gba owó wa. Àwọn tó ń múra ìnáwó Dìsẹ́ńbà náà wà lára wọn, torí àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń yan àǹkóò. Ẹbí kan ṣoṣo tó bá ní ká bá òun ṣe ọgbọ̀n aṣọ lè gbé ọjà ọjọ́ náà fún mi.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó yín pé irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà níbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé lẹ fẹ́ gbé wá s'Abẹ́òkúta. Èmi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú tiwọn kún ni pé ọ̀nà àárín ìlú ni wọ́n ń tì mọ́ ọkọ̀, tí ará ìlú á sì gba ibikíbi wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba owó ìwọlé. Owó ìsọ̀ àti ti àwọn onígbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Oṣù wọn lẹ mú, ẹ fi ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ sọ́hùn-ún. Kò sì yẹ kó jẹ́ pé ará òkèèrè ló máa kọ́ wa. Nígbà tí eégún bá jáde ládùúgbò wa níhìn-ín, ta ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wòran?

Oṣù tí ẹ mú yẹn náà ní tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, àkókò ìkórè ápù àti elégédé ni. Lọ́dọ̀ wa, òjò tó sinmi díẹ̀ ní Ọ́gọ́ọ̀sì máa ń padà dé pẹ̀lú agbára ní Sẹ̀tẹ́ńbà, gbogbo ará Abẹ́òkúta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Títì ní gọ́tà, pápá yín kò ní. Nígbà tí òjò ọ̀sán ọjọ́ náà dé, omi gba abẹ́ kánópì kọjá, ó sì bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ mi níbi tí mo tò ó sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún wa. Ìyẹ̀fun gbágùúdá tí a sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni a fi ń ṣe iṣẹ́ sára aṣọ funfun kí aró má bàa mú ibẹ̀. Àwọn kan fi ìyẹ́ adìẹ yà á. Àwọn kan fi páànù gígé tẹ̀ ẹ́, bó ṣe wọ́pọ̀ ní ìlú wa yìí. Funfun tó kù yẹn ni ẹwà aṣọ. Aṣọ tuntun tí omi bá bá ní ìtòjọ, aró rẹ̀ á ràn mọ́ funfun èkejì rẹ̀, kò sì sí ọṣẹ tó lè mú un kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin tí mo ṣì jẹ lówó ló bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ti bá yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Èsì tí mo rí gbà ni pé nítorí ààbò lẹ ṣe gbé géètì. Ààbò ṣe pàtàkì, mo gbà, kò sẹ́ni tí kò bẹ̀rù ọmọ ìta níbi èrò. Ṣùgbọ́n ẹ lè dá ẹ̀ṣọ́ sí ìkángun títì méjèèjì kí wọ́n máa yẹ ara àti àpò wò láì gba kọ́bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í yẹ àpò ẹnikẹ́ni wò.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Ẹ dá ₦40,000 mi padà, torí kì í ṣe ohun tí mo san án fún lẹ fún mi. Ẹ rán ẹnì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kó wo àwọn aṣọ tó bàjẹ́, ká jọ ṣírò wọn, kí ẹ sì san án. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ ṣe ọjà náà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ títì tí ẹ máa lò sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kankan, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọlé á jẹ́ ọ̀fẹ́. Lórí ìyẹn, mo ṣe tán láti bá yín pàtẹ.

Mo fi ẹ̀dà rìsíìtì, ìwé ìpolówó yín àti fọ́tò àwọn aṣọ náà sínú àpò ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, orí ìwé ni mo ti fẹ́ èsì, kó tó di ìparí oṣù yìí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣòwò àdìrẹ, Ìtọ̀kú.