Lẹ́tà sí Àyìnkẹ́ lórí apá ọrun tó ní ìlà

Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.
Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Àyìnkẹ́ mi, ọmọ Òròkí,

Ṣé dáadáa lo wà? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní gàrí tí o béèrè ti wà nínú àpò, ẹni tó máa bá wa gbé e wá sí Ìbàdàn la ń wá.

Ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù lánàá ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní ọrun tòkunbọ̀ tí o rà ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pé ìlà tín-ín-rín kan wà lára apá rẹ̀ ti ìsàlẹ̀, èyí tó ń tẹ̀ lábẹ́ ibi tí a ti ń dì í mú, pé ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o kán súpà gúlù sí i kí o máa ta á lọ. Ò ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Jọ̀wọ́, má tíì fi ọsán sí ọrun yẹn. Bí o bá ti fi sí i, gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, rọra tú u báyìí, kí o tó ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀.

Ṣé o rántí àpá tó wà lókè ojú mi òsì? Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fi ìka tọ́ ọ, wàá ní, “Bàbá mi, kí ló ṣe yín níbí?” Mo sọ fún ọ pé ìṣó ló ta bà mí ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ìṣó. Apá ọrun ló dá àpá yẹn sí mi lójú, ojú ló sì ń tì mí tí mi ò fi sọ ọ́.

Kí a tó bí ọ, wọ́n pè mí sí ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú yìí kí n wá kan ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n máa gbé ojú àmì lé. Ọ̀gá tó ń bójú tó eré ìdárayá níbẹ̀ fún mi ní ọrun pé kí n dán an wò, bí eré náà ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn. Nígbà tó yá, mo ra tèmi lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìlà kan wà níkùn apá òkè, kò ju fọ́nrán irun lọ. Mo bi í, ó ní ọ̀dà ló sán, kò kan igi. Èmi tí mo ń fi igi jẹun gbà á gbọ́, torí mo ti fẹ́ràn ọrun náà, owó mi ò sì ká òmíràn. Mo ta á fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, mo fà á dé àgbọ̀n, kí n tó tú ọwọ́ sílẹ̀, mo gbọ́ “pàá!” bí ìgbà tí ẹ̀ka odán ya. Apá òkè ti dá sí méjì. Ọsán gbá mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ́rún kan sì gé mi lókè ojú. Ọmọdékùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń bá mi ṣa ọfà. Èyí tó fò sọ́dọ̀ rẹ̀ kọjá létí rẹ̀, ó gún ilẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn ń wo igi tó gún ilẹ̀ yẹn. Bí mo bá rántí ojú rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí apá ọrun jẹ́, kí o lè mọ ohun tí ò ń wá lára rẹ̀. Ti òde òní kì í ṣe igi kan ṣoṣo bíi ti ọrun ọdẹ tí baba mi fi kọ́ ògiri. Bíi pílái tí mo ń gé ní ṣọ́ọ̀bù ló rí: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Igi tàbí ọparun tàbí fóòmù líle ló wà láàrin, fáíbà tàbí carbon ló bò ó lójú àti lẹ́yìn. Bí o bá ń fa ọsán, ojú tó kọ sí àmì ń nà, èyí tó kọ sí ọ ń sún kì, gọ́ọ̀mù tó so wọ́n pọ̀ ló ń jẹ ìyà méjèèjì. Bí ó bá ṣí níbì kan, bí kò tiẹ̀ ju èékánná ọmọ tuntun lọ, gbogbo ìgbà tí o bá fà á ni yóò máa ṣí sí i. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ọsán tó já, a ó ra òmíràn. Apá tó dá lójú fífà kì í dọ̀pá, ọ̀bẹ ló ń dà.

Òwúrọ̀ ni mo máa ń yẹ tèmi wò, níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí oòrùn tó ga. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ló ń tú àṣírí ìlà. Oòrùn àtàrí máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Mo máa tú apá méjèèjì kúrò lára èèkù irin tí a fi ń di ọrun mú, mo máa fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, torí ìdọ̀tí àti ìda tí a fi ń ra ọsán máa ń jọ ìlà. Lẹ́yìn náà, mo máa gbé e sókè, kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa sáré lórí rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni èmi náà máa ń dúró sí.

Lẹ́yìn ojú, ó kan òwú. Má fi ọwọ́ lásán fa etí apá ọrun láé, torí ẹ̀gún fáíbà kò ṣeé rí, bí ó bá wọ ìka, wíwá rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ja òwú díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà nílé oògùn, rọra fà á lọ ní etí kan, kí o fà á bọ̀ ní èkejì. Lára apá tó pé, òwú á máa yọ̀ lọ bí ẹni ń fọwọ́ pa ológbò lára. Ibi tí fáíbà bá ti gbéra, òwú á há, fọ́nrán funfun kan á dúró síbẹ̀ bí àsíá kékeré. Lọ́dún tó kọjá, fọ́nrán kan ṣoṣo báyẹn ni mo rí lára apá ìsàlẹ̀ mi, ìka mẹ́rin sí orí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: etí fáíbà ti yà kúrò lára igi, bébà ìwé lè wọ ibẹ̀. Ojú mi ti kọjá lórí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òwú tó mú un.

Má kánjú lórí orí apá, níbi tí wọ́n gbẹ́ fún ọsán láti jókòó, torí ọsán ń gbá ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá ta. Má kánjú ní ìdí rẹ̀ náà, níbi tí bóòtù ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ èèkù.

Ó wá ku ìlà tìrẹ. Kì í ṣe gbogbo ìlà ló burú. Ọ̀dà dídán tí wọ́n fi pa á lójú lè sán, kí abẹ́ rẹ̀ sì le koko, bí fánííṣì orí àga àtijọ́. Fi èékánná rẹ kọjá lórí ìlà náà ní ìbú. Bí èékánná bá yọ̀ kọjá, tí òwú ò há, tí ìlà ò dé etí, fi pẹ́ńsù sàmì sí ìkángun rẹ̀ méjèèjì, kọ ọjọ́ sí i, kí o ya fọ́tò rẹ̀. Bí mo bá ti rí i tí mo ní kí o ta á, lẹ́yìn ọfà mélòó kan, wò ó padà. Bí ó bá ti kọjá àmì, apá náà ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí èékánná bá kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí tí ìlà bá dábùú apá, tàbí tó dé etí, tàbí tí ibì kan wú bí ara tí omi gbígbóná dà sí, kò sí ọfà kankan tí a ó tún ta níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ta ọrun fún mi, pé ọ̀dà ni, lè jẹ́ òótọ́ lára ọrun mìíràn. Èékánná mi ni mi ò bi.

Ìyá ìyá mi, aláró ni. Kò ra ìkòkò aró rí láì fi ìka kàn án kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀: èyí tó pé á dún gooro, èyí tó sán á dún bí igbá. Bí wọ́n sì ṣe ń pìtàn ìlú yìí, igi tí wọ́n gé tó wó sínú odò ló mú kí ohùn kan ké látinú omi pé, “Òṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán!” Apá ọrun náà ní ohùn. Bí ojú àti òwú ò bá rí àléébù, fi ọsán sí i, wọ awò ojú, kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí, fi ọfà sí i, dojú kọ àmì, rọra fà á díẹ̀, kí o rọra dá a padà. Bí o bá gbọ́ kẹ́-kẹ́, bí ẹni tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀, tú ọsán kúrò. Tìrẹ yìí kò tíì dé ibẹ̀ o. Ojú, òwú àti èékánná nìkan ni mo yọ̀ǹda fún ọ.

Bí ọrun bá ti wà nínú ọsán, máa fi ọsán ya apá méjèèjì sí méjì lójú rẹ láti ẹ̀yìn. Bí ọsán bá gba àárín ọ̀kan tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lára èkejì, ó ṣeé ṣe kí apá yẹn ti lọ́. Fi tépù wọn àlàfo tó wà láàrin ọsán àti èèkù, kọ ọ́ sínú ìwé. Lára ọrun ínǹṣì 68, ó sábà máa ń wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 21 sí 23. Bí ó bá yí padà láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ pé ọsán ti nà tàbí pé apá kan ń rọ̀.

Ní ti súpà gúlù, ìdí gọ́ọ̀mù ni mo dàgbà sí, mo mọ ohun tó lè ṣe. Súpà gúlù máa ń gbẹ bíi gíláàsì, apá ọrun kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa tẹ̀ lọ. Yóò bo ẹnu ìlà kí o má rí i mọ́, abẹ́ rẹ̀ á sì máa ṣí lọ. Kí ọ̀rẹ́ rẹ má bínú sí mi.

Bi ẹni tó tà á bóyá ẹnìkan ti fa ọsán rẹ̀ tó sì tú u sílẹ̀ láìsí ọfà. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ, inú apá ló ń padà sí. Bi í bóyá ó ti sùn nínú mọ́tò lójú oòrùn, torí ooru ń rọ gọ́ọ̀mù. Bí o bá ní ọrun tó dára lọ́wọ́ lọ́la, okùn tí wọ́n ṣe fún un ni kí o máa fi gbé ọsán sí i. Má fi ẹsẹ̀ há a, ìyẹn ló ń lọ́ apá.

Mo mọ̀ pé owó ló ń dùn ọ́. Èèkù rẹ lè ṣì dára, owó ńlá sì ni ìyẹn náà. Apá méjèèjì la máa pààrọ̀ pọ̀, torí ìkejì ara wọn ni wọ́n, èyí tuntun kì í bá ògbólógbòó rẹ́. Wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára wọn kí o sọ fún mi: iye pọ́ùn tí wọ́n kọ, ìyẹn agbára tí a fi ń fà á, ti ẹni tó fà á dé ínǹṣì 28 ni, ọwọ́ tìrẹ sì gùn ju tèmi lọ. Màá san ìdajì. Má sì tà èyí fún ẹlòmíràn, má fi ta ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kankan lọ́rẹ. Bí ó bá ti bàjẹ́, a ó fi ayùn gé e sí méjì níbí, a ó bo imú torí eruku fáíbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣà á lórí ààtàn.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń retí rẹ. Fi aṣọ wé apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbé wọn lé itan nínú ọkọ̀, má jẹ́ kí wọ́n jù wọ́n sí búùtù. Bí o bá sọ̀ ní Old Garage, pè mí, màá wá gbé ọ. Òwú wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.