Omi lè dúró sí kòtò kó tó dé ọ̀sà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn kan ti ń fi ìṣirò ohun tó ń ṣàn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí omi, yanjú ọ̀rọ̀ "èyí àbí ìyẹn", níbi tí kálukú ti gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú méjì, àti pé ìdáhùn rẹ̀ kì í yẹ̀, pé èyí tó dáa jù ló máa ń rí. Apá kìíní, òótọ́ ni. Apá kejì ni kí ẹ tún ṣe. Iṣẹ́ tíṣà ìṣirò ni mo ṣe ní Ìkòròdú níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣègbéyàwó ní Ìgbógbó, èmi ni wọ́n ní kí n pín ogún àgbà ẹbí sábẹ́ àtíbàbà méjì, kí àwọn tí kì í kí ara wọn má baà jókòó pọ̀. Ó dà bí eré. Ọ̀nà tí a lè gbà pín wọn jẹ́ 524,288, bí ẹnì kan bá sì tún dé, ó di ìlọ́po méjì! Irú ìṣòro yìí wà lára 21 tí Richard Karp, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tò pọ̀ ní 1972: ẹni tó bá rí ọ̀nà yíyá fún ọ̀kan ti rí i fún gbogbo wọn. A ò tíì rí onítọ̀hún.

Mo wá dán ọgbọ́n ṣíṣàn yẹn wò lóru, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti rọ́bà, torí iná ti lọ. Mi ò kọ́kọ́ fi ẹnikẹ́ni sábẹ́ àtíbàbà kankan. Mo fún kálukú ní nọ́ńbà tó sún mọ́ òdo, bí ẹni dúró láàrin àgbàlá. Bí ẹni tí o ń bá jà bá tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, ìwọ náà á tẹ̀ sósì díẹ̀. Mo ń kọ, mo ń pa rẹ́, títí kálukú fi dé 1 tàbí òdì 1. Orí mi wú, n ò ní parọ́.

Mo ka àwọn ìjà tó kù lábẹ́ àtíbàbà kan náà: mẹ́rin. Mo gbé ẹnì kan, mo gbé ẹlòmíì, kò dín. Ìyàwó mi ló bojú wo ìwé náà, ó ní, "Bàbá Káyọ̀, ẹ jẹ́ kí Ìyá Ìbejì àti Bàbá Òṣòdì pààrọ̀ àyè." Mẹ́rin di méjì. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, èrè kankan ò sí. Àfi kí àwọn méjèèjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kòtò ni nọ́ńbà mi já sí, ó rò pé ọ̀sà ni.

(Ọ̀kan nínú méjì tó kù yẹn, kò sí ìṣirò tó lè tú u. Àwọn mẹ́ta kan wà tí owó aṣọ ẹbí da àárín wọn rú. Èèyàn mẹ́ta, àtíbàbà méjì: méjì á ṣáà pàdé. A bẹ àbúrò wọn kó lọ dúró ti àwọn alásè.)

Kì í ṣe èmi nìkan ló ṣe. John Hopfield tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024, òun àti David Tank ti fi irú ọgbọ́n yìí wá ọ̀nà tó kúrú fún oníṣòwò tó fẹ́ yí ọ̀pọ̀ ìlú ká ní 1985. Ní 1988, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Wilson àti Pawley, dán ọgbọ́n náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń já wọn kulẹ̀ lemọ́lemọ́. Ti àwọn ará iléeṣẹ́ Toshiba ní Japan tó jáde ní 2019 yára gan-an, ó ń pín 2,000 nǹkan sí méjì kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Síbẹ̀, àwọn tó ṣe é fúnra wọn, ìdáhùn tó dáa ni wọ́n pè é. Wọn ò pè é ní èyí tó dáa jù.

Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí ẹ kọ "kì í yẹ̀" sí, ẹ bá wa fi "ó sábà máa ń sún mọ́ èyí tó dáa jù" rọ́pò. Àwọn ọmọ tó ń jiyàn ní Sábó ti ń fi ìwé ìròyìn yín lé mi lójú.

Tíṣà àná,
Ìkòròdú