Ta Ni Mò Ń Bá Sọ̀rọ̀ Lórí Eékún?

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Má bínú pé èsì rẹ̀ pẹ́. Iṣẹ́ kọ́ ló dí mi lọ́wọ́, ìbéèrè tó o bi mí ni ò rọrùn láti dáhùn. O ní ọmọbìnrin rẹ ti ń sá fún àdúrà òwúrọ̀, pé bí ẹ bá ti dá orin báyìí, ó ti wọ ilé ìwẹ̀ lọ nìyẹn, kò sì ní jáde títí ẹ ó fi ṣe àmín ìkẹyìn. O wá ní kí n sọ ọgbọ́n tí mò ń dá fún ọ, torí pé ilé tèmi, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ni.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ Bíbélì, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, kí o tó máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ẹnikẹ́ni.

O mọ àkọ́bí mi. Ó ti pé ọdún 17 báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan tí gbogbo wa ti fọkàn sí, láti ìgbà náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta. Mi ò bá a wí o. Lójú ara mi, bàbá onísùúrù ni mí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, láàárọ̀, nígbà tí gbogbo wa bá ti kúnlẹ̀ ní pálọ̀, màá gbé ohùn sókè: “Olúwa, ẹ̀mí àìgbọràn tó ń ti ọmọ jáde nílé lálẹ́, dè é! Baba, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú nítorí rẹ̀, tí kò mọ̀ ọ́n lóore, là á lójú! Ọmọ tó ń bá ẹgbẹ́ tí kò ní láárí rìn, dá a padà!” Ìyá rẹ̀ á ní àmín. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì á ní àmín, wọ́n á sì máa yọjú wò ó láàárín ìka ọwọ́. Òun nìkan ni kì í ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, tí kálukú ti ń dìde, ó wà lórí eékún níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé Ọlọ́run lẹ̀ ń bá sọ ọ́ ni, àbí èmi? Tó bá jẹ́ èmi ni, mo wà níhìn-ín. Ẹ lè pè mí.”

Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ká ní ó fi ìgbéraga sọ ọ́ ni, mo mọ ohun tí ǹ bá fi dá a lóhùn. Bí ẹni tó ti rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Mo ní kó lọ múra, pé a óò sọ̀rọ̀ tó bá yá. A ò sọ nǹkan kan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò fi mí sílẹ̀. Ṣé o rí i, tí o bá bá ọmọ wí lójúkojú, ó lè ṣàlàyé ara rẹ̀, ó lè sunkún, ó lè ní irọ́ ni. Ta ló máa ń já lu àdúrà? Àmín nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Mo ti há ọmọ mọ́ igun yàrá, mo sì fi orúkọ Jésù ti ilẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń ṣe é, kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó délẹ̀.

Bí Ọlọ́run ṣe máa ń ṣe nǹkan rẹ̀, èmi ni ó kàn láti kọ́ kíláàsì àgbà ní Ọjọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ yẹn, Lúùkù orí 18 sì ni ẹ̀kọ́ wa, òwe Jésù nípa Farisí àti agbowó-òde tí wọ́n lọ gbàdúrà nínú tẹ́ńpìlì. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn láìmọye ìgbà, ìgbéraga ni mo sì máa ń dá lé. Lọ́jọ́ náà ni ojú mi wá tó bà lé nǹkan kan ní ẹsẹ 11: Bíbélì ní nínú ara rẹ̀ ni Farisí náà ti ń gba àdúrà tirẹ̀. Wò ó dáadáa. Ó pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀, ó di ààwẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó di ìdámẹ́wàá, ó sì tún nàka sí ẹni tó dúró lókèèrè. Ara rẹ̀ àti agbowó-òde ló ń bá sọ̀rọ̀. Orúkọ Ọlọ́run kàn jẹ́ ohun tó fi la ẹnu ni. Mo ń kọ́ wọn, òógùn ń bò mí. Ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú ní, “Tíṣà, ṣé kò rẹ̀ yín?” Mo ní ooru ni, ìyá. Irọ́ nínú kíláàsì Bíbélì!

Tó bá jẹ́ ilé nìkan ni, ìbá sàn díẹ̀. O mọ̀ pé èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wa lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ní oṣù kan náà, mo dìde pẹ̀lú ìwé kókó àdúrà lọ́wọ́, mo ní, “Ẹ jẹ́ ká gbé arábìnrin kan síwájú Olúwa. Mi ò ní dárúkọ.” Mi ò dárúkọ lóòótọ́. Mo kàn ní ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, pé ọkọ rẹ̀ ti kó jáde láti oṣù tó kọjá, pé ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé gbèsè sì tún wà nílẹ̀. Ká tó ṣe àmín, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú yàrá yẹn. Mo gbọ́ “hẹ̀n-ẹ́n” kan láti ẹ̀yìn. O mọ hẹ̀n-ẹ́n tó jẹ́ ti àdúrà, o sì mọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, arábìnrin náà fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé orin rẹ̀ lábẹ́ apá. Mi ò mọ ìgbà tó ti dé. Ó jókòó títí ìpàdé fi parí, ó wá dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ ń gbàdúrà fún mi. Ẹ jẹ́ kí n kàn béèrè, ṣé Ọlọ́run ò mọ orúkọ mi ni, tí ẹ fi ń júwe mi fún un bí ẹni ń júwe ilé fún àlejò?”

Kò mọ̀ pé ọmọ mi ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní òun ti gbọ́. Títí di báyìí, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, àmọ́ kò wá sí Ọjọ́rú mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Nínú Mátíù 18:15, Jésù ní tí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Arábìnrin yìí ò tiẹ̀ ṣẹ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ogún èèyàn la kọ́kọ́ sọ fún kí ẹnì kan tó bi í pé báwo ni nǹkan. Èrò tèmi, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa gbà á, ni pé tí wọ́n bá yẹ ìwé kókó àdúrà ọ̀pọ̀ ìjọ wò, ìdajì rẹ̀ jẹ́ òfófó tó kúnlẹ̀.

A wá fẹnu kò nínú ẹgbẹ́ pé a ò ní gbé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rán wa níṣẹ́ síta mọ́. Ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìpàdé tó máa ń gbà wá tó wákàtí méjì, ogójì ìṣẹ́jú la fi parí rẹ̀. A kàn ń wo ara wa. Alàgbà kan wo aago rẹ̀, ó ní, “Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo rò pé á bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, “Ṣé ẹ rò pé ọmọ nìkan ni? Tí ẹ bá ti ní, ‘Olúwa, fún àwọn obìnrin ilé yìí ní ẹ̀mí pẹ̀lẹ́,’ mo máa ń fara balẹ̀ ṣírò aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀ lọ́jọ́ náà ni. Àdúrà yẹn gùn, ó máa ń ràn mí lọ́wọ́.” Ọ̀rẹ́ mi, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń ṣírò aṣọ! Pétérù kúkú ti kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 3 ẹsẹ 7, pé kí ọkọ bu ọlá fún aya rẹ̀ kí nǹkan má bàa dènà àdúrà wọn. Mo rò pé òkè ọ̀run ni ìdènà yẹn ti máa ń wá. Inú pálọ̀ ló wà.

Òun náà ló rán mi létí Susanna Wesley, ìyá John àti Charles Wesley tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 19 ni obìnrin yẹn bí, ó sì sin púpọ̀ nínú wọn ní kékeré. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ ní Epworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ò sì tó wọn ná. Nínú lẹ́tà tó kọ sí ọkọ rẹ̀ ní 1712, ó sọ bó ṣe pín ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ tó wà nílé, kí òun àti ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jókòó sọ̀rọ̀ láwọn nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John, Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti Charles. Ní 1732, tí John ti di olùkọ́ ní Oxford, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó tún fún òun ní díẹ̀ nínú àsìkò ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọkùnrin tó ti pé ọdún 28! Mo bi ara mi pé nínú gbogbo àdúrà tí mò ń gbà láàárọ̀, èwo ni ọmọ mi máa fi lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ mi tó bá dàgbà?

Mo wá pín ìrọ̀lẹ́ tèmi náà. Ọjọ́bọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ọlọ́pàá ni mo ṣe ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” “Rárá, sà.” Ọ̀sẹ̀ kejì burú ju ìyẹn lọ. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ó ń tún ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀, mo tan án sí i lọ́wọ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi jẹ́ pé “Ẹ gbé e wá sọ́tùn-ún díẹ̀, sà” nìkan ló ń sọ. Gíríìsì ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Lójijì, láìgbójú sókè, ó ní ilé ò gba òun mọ́ ni òun fi ń pẹ́ níta. Pé bí òun bá ti wọlé báyìí, ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún ni òun máa ń dà, òun kì í jẹ́ ara òun mọ́.

Ọ̀kan nínú ohun tí mò ń bẹ̀rù nípa rẹ̀ jẹ́ òótọ́ o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò ní kọ ọ́ síhìn-ín, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Èmi náà ní, “Má bínú sí mi.” Ó há mi lọ́fun kó tó jáde. Ó ní ó ti tán, sà, ó sì ní kí n di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà mú.

Nítorí náà, ọgbọ́n wo ni kí n kọ́ ọ? Má jálẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Kọ́kọ́ tẹ́tí sí àdúrà ara rẹ, kí o wò ó bóyá ọmọ náà lè bá ọ ṣe àmín sí i láìjẹ́ pé ó ń ta ara rẹ̀ lọ́fà. Ẹsẹ 1 nínú Éfésù orí 6, pé kí ọmọ gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, ni àwa òbí fi ń jí wọn lójoojúmọ́. Ẹsẹ 4 wà níbẹ̀, pé kí bàbá má ṣe mú ọmọ bínú, àwa ni ó ń bá wí. Ní tiwa báyìí, a kì í gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni nínú ilé láì kọ́kọ́ bi í pé, “Kí la lè bá ọ tọrọ?” Àbíkẹ́yìn mi ní kí eyín òun tètè hù kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa ya fọ́tò. Tọkàntọkàn la fi gbà á. Ìyá wọn ní kí Ọlọ́run fún òun ní oorun. Àkọ́bí ń wá ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, nígbà míì ọjọ́ mẹ́ta. Tí wọ́n bá bi í, ó máa ń ní, “Ẹ fi mí sílẹ̀ lónìí,” a ó sì fi í sílẹ̀. Ó ń dùn mí, kí n sòótọ́. Ọwọ́ mi ṣì ń yún mi láti fi “Olúwa” bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Jọ̀ọ́, máa rántí mi nínú àdúrà. Inú yàrá rẹ ni kí o ti gbà á, kí o sì ti ilẹ̀kùn bí Jésù ṣe wí nínú Mátíù 6:6. Má gbé mi lọ sípàdé. Orúkọ mi ni kí o pè, má júwe mi.

Ìyá àwọn ọmọ kí yín púpọ̀. Àkọ́bí náà kí yín. Mo fún un ní lẹ́tà yìí kà kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n yọ ìlà kan kúrò, mo sì ti yọ ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.