Ẹ Parí Ayò Kan Ṣoṣo: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ọnà àti Géèmù Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí yín, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Tanke àti Òkè-Odò, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, ní Àjàṣẹ́-Ìpo àti ní Èsìẹ́, tí ẹ ń fi fóònù wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán tó ń rìn, tí ọkàn yín sì ń fà sí iṣẹ́ náà. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ọmọ amọ̀kòkò ni mí pẹ̀lú, ní Dàda níbí nínú Ìlọrin. Mo ti rí bí ọwọ́ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ kí n tó mọ ìwé kà.

Inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún 19, sọ fún mi pé òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù. Inú mi dùn. Mo ní kó fi èyí tó ti ṣe hàn mí. Ló bá ṣí fóònù, ó fi ẹ̀kọ́ 41 tó ti kó pamọ́ hàn mí: ti Blender tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère lórí kọ̀ǹpútà, ti Unity àti Unreal tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ti àwòrán yíyà, ti orin géèmù. Mo bi í pé, "Èwo lo ti parí níbẹ̀?" Ó dákẹ́. Ọ̀lẹ kọ́ lọmọ náà o. A ti sanwó fún un rí ní ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi lọ síbẹ̀, wọ́n fún un ní sáítífíkéètì tó ń dán gbinrin, síbẹ̀ kò lè mú kí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fò lójú kọ̀ǹpútà. Owó yẹn dùn mí. Bó ṣe sorí kọ́ lọ́jọ́ tí mo bi í ní ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù.

Ohun tí mo ní í bá yín sọ kò pọ̀. Ẹ mú olùkọ́ kan, ẹ mú iṣẹ́ kékeré kan, ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó gbé òmíràn. Bí ẹ ó ṣe ṣe é ni mo fẹ́ fi ìyókù lẹ́tà yìí sọ.

Nígbà tí màmá mi ń kọ́ mi ní ìkòkò mímọ, ìkòkò àtijọ́ kan ló máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀. Á tẹ́ amọ̀ lé e lórí, á máa lù ú díẹ̀díẹ̀ títí amọ̀ á fi gba ìrísí ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Bó bá ti gbẹ díẹ̀, á yọ ọ́, á wá máa fi amọ̀ kún un títí tí yóò fi ní ọrùn àti ẹnu. Ìṣaasùn kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀ fún mi. Odidi ọdún kan, ìṣaasùn ni mò ń mọ, èmi tí mo ti ń fojú sí àmù ńlá. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi wá ṣí Blender fún mi wò, mo rẹ́rìn-ín. Àpótí onígun mẹ́rin kan ló kọ́kọ́ yọ sójú kọ̀ǹpútà. Láti inú àpótí yẹn lẹ ti máa fa apá, fa orí, gé ìdí, títí yóò fi di ènìyàn tàbí ilé. Iṣẹ́ màmá mi náà ni. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n gan-an, ìrísí tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ìdí kọ̀ǹpútà, ẹ mú pẹ́ńsù. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Tí ẹ bá lè dé Èsìẹ́, ẹ lọ sí mùsíọ́mù tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Mo máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀, màá ní kí wọ́n jókòó ti ère kan ṣoṣo, kí wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹta: láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn. Kí wọ́n wo bí irun ṣe di, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe yí ọrùn ká, bí ọwọ́ ṣe sinmi lórí orúnkún. N kò mọ̀ nígbà náà pé irú àwòrán mẹ́ta bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ṣe ère lórí kọ̀ǹpútà máa ń gbé sẹ́yìn iṣẹ́ wọn kí wọ́n lè máa tẹ̀ lé e. Bí ọwọ́ yín bá ti lè yà á síwèé, Blender yóò rọ̀ yín lọ́rùn.

Ní ti owó: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dandan ni kí ẹ ra ètò kọ̀ǹpútà olówó ńlá, ẹ má sì lo ayédèrú tó kún fún fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀fẹ́ ni Krita tí wọ́n fi ń ya àwòrán. Ọ̀fẹ́ ni GIMP tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, àti Inkscape tí wọ́n fi ń ya àmì àti lẹ́tà. Blender fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ìtàn rẹ̀ sì wù mí púpọ̀. Ọkùnrin ará Nẹ́dálándì kan, Ton Roosendaal, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kógbá wọlé ní 2002, àwọn tó fẹ́ràn ètò náà dá owó jọ bí a ṣe ń dá àjọ, wọ́n rí 100,000 owó yúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n fi dá Blender sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, fíìmù kan láti Látífíà tí wọ́n fi Blender ṣe gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Èyí tí ẹ ó gbé sórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ yín náà nìyẹn.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, kó má jókòó tẹtẹrẹ. Ètò ibisPaint ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ó sì tó láti fi kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe ń bọ́ sójú ènìyàn. Tí ẹ bá wá ń lọ ra kọ̀ǹpútà ní Challenge, ẹ béèrè èyí tí ìrántí rẹ̀ (RAM) tó 8 GB, kí ẹ sì ní kí wọ́n tàn án lójú yín kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Ẹ máa gba fídíò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí dátà bá pọ̀, kí ẹ lè wò ó nígbà tí dátà bá tán.

Nǹkan kan wà tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ sunkún lásán: ẹ̀dà ètò àti ọdún tí wọ́n ṣe ẹ̀kọ́. Blender 2.8 tó jáde ní 2019 yí ojú ètò náà padà pátápátá. Tẹ́lẹ̀, ọ̀tún máòsì ni wọ́n fi ń mú nǹkan, ó wá di òsì. Ọmọ tó bá ń fi ẹ̀dà tuntun tẹ̀ lé fídíò 2015 yóò rò pé orí òun ò pé. Orí rẹ̀ pé o. Ẹ wo ọdún kí ẹ tó tẹ fídíò.

Ó wá kan géèmù gan-an. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù ogun tí ènìyàn 100 á ti máa sáré kiri. Ayò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Godot, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni kí ẹ fi ṣe é. Àwọn ọkùnrin méjì ará Ajẹntínà, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, ló ṣe Godot, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2014. Unity náà dára, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń lò ó, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án 2023 wọ́n kéde pé àwọn yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí wọ́n bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ, ariwo sì ta kí wọ́n tó fagi lé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èmi fẹ́ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín wà lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní í gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ayò? Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọpọ́n, kò mọ igi. Nọ́ńbà 12 tó wà lórí ìlà kan ló mọ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Ẹ kó ọmọ inú ihò kan, ẹ máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá dé ihò tó kẹ́yìn ńkọ́? Ẹ ó padà sí ti àkọ́kọ́. Nínú kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí ẹ ń kọ fún kọ̀ǹpútà, láti 0 ni Godot ti ń ka ihò, nítorí náà 11 ni ó kẹ́yìn, ìlà kan ṣoṣo yìí ló sì máa yí yín padà: ihò = (ihò + 1) % 12. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ bá fi 12 pín in ni àmì % yẹn ń fún yín. Ọmọ tó bá lóye ìlà yẹn ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ olówó kò fi yé ènìyàn.

Ẹ wá lọ bá àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi, kí ẹ béèrè òfin lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù. Ní ilé tiwa, tí ọmọ tó kẹ́yìn bá sọ ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́. Tí ọmọ tí ẹ kó nínú ihò kan bá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ bá yí ọpọ́n po, ẹ ó fo ihò tí ẹ ti kó o. Ilé mìíràn lè ní òfin tiwọn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kóòdù yín tọ̀nà, ẹ máa ro ọmọ ojú ọpọ́n pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ti jẹ. Lọ́jọ́ tí kò bá jẹ́ 48, ọmọ kan ti sọnù nínú kóòdù, ẹ wá a jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi Krita ya ojú ọpọ́n, ẹ fi Blender gbẹ́ ọpọ́n náà, ẹ fi fóònù gba ohùn ọmọ ayò nígbà tó bá ń bọ́ sínú ihò. Ẹni méjì lórí ẹ̀rọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má tíì kọ́ kọ̀ǹpútà ní ayò títa.

Àwọn olùkọ́ tí mo lè tọ́ka yín sí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. "Learn GDScript From Zero" ti GDQuest ń ṣiṣẹ́ lójú bíráwúsà, òun ló sì kọ́ ọmọ ọmọ mi ní èdè Godot. CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Harvard tí David Malan ń kọ́, dára fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí abájọ. Ó le, ó sì gùn. Àwọn àbúrò yín kékeré, ẹ fún wọn ní Scratch, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní kóòdù, tí àwọn ará Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007. Tí géèmù bá ti parí, ẹ gbé e sórí itch.io, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń pín géèmù, kí ẹ sì fi orúkọ sílẹ̀ fún Global Game Jam, ìpéjọ tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe géèmù, tí wọ́n ti ń ṣe láti 2009, kí ẹ bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ẹ má ronú owó ní ọdún àkọ́kọ́. Àwọn ará Maliyo Games, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, wọ́n sì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà yìí kì í ṣe àlá.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Tí ọmọ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà ní òru nígbà tí iná bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe kí ẹ tó pariwo pé eré ló ń ṣe. Mo ti pariwo bẹ́ẹ̀ rí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ.

Ọmọ ọmọ mi ti pa ẹ̀kọ́ 40 rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ó wà lórí ọ̀kan tó kù. Lánàá, ọmọ ayò rẹ̀ jẹ́ 47, ó sì ń wá ọ̀kan tó sọnù títí tí iná fi lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí tirẹ̀ nínú yín, kó gbé e wá fún mi. Mo wà nílé lọ́jọ́ Sátidé, mo sì mọ ayò ta.

Èmi ni ìyá yín, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, Ìlọrin.