Mọ́tò jẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ ń wí yẹn, asáré ni o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn lórí mọ́tò tó yẹ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n má ra mọ́tò eré fún un, kí wọ́n wá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìdílé kan tó jẹ́ jẹ́jẹ́, onílẹ̀kùn mẹ́rin, kọ́kàn wọn lè balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú mọ́tò jẹ́jẹ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò eré táwọn bàbá wa ń lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ ògiri nígbà èwe wọn, ṣe ló máa já a sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Porsche 911, mọ́tò eré, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1964, agbára ẹṣin 130 ló ní (bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì nìyẹn), bíi sẹ́kọ́ńdì 9 ló sì máa ń gbà kó tó ti orí ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí. Camry 2018 elépúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, èyí tí ò ní àrà kankan nínú, agbára ẹṣin 203 ló ní, bíi sẹ́kọ́ńdì 8 ló máa fi débẹ̀, elépúlọ́ọ̀gì mẹ́fà ọdún yẹn kan náà ní 301, bíi sẹ́kọ́ńdì 6 péré nìyẹn. DeLorean 1981 tí gbogbo ayé ń yà lẹ́nu nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀ tó ń ṣí sókè, ó lé ní sẹ́kọ́ńdì 10 nígbà tí wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà. Ẹ tún wo Corvette 1975, mọ́tò eré àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì lítà 5.7, èyí tí kò gbówó lórí jù nínú wọn ò ju agbára ẹṣin 165 lọ, Accord 2018 olítà 2 tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, wá ń gbé 252 jáde. Camry fúnra ẹ̀ nígbà tó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, 92 ló ní. Orúkọ kan náà ló ṣì ń jẹ́ o. Mi ò tíì wá sọ ti oníná, torí Tesla Model 3 Performance, ilẹ̀kùn mẹ́rin lòun náà ní, sẹ́kọ́ńdì 3 àti díẹ̀ ló ń gbà.

Àwọn mẹkáníìkì tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ ohun tó fà á. Láyé kabúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì kàn ń fa epo ni, ó lè pọ̀ jù, ó lè kéré jù, bó ṣe rí náà nìyẹn. Nọ́sù ló ń fín epo báyìí, bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló ń wo bí afẹ́fẹ́ tó wọlé ṣe pọ̀ tó, òun náà ló ń sọ fún púlọ́ọ̀gì ìgbà tó máa taná, tó sì ń tún un ṣe láìdúró bí mọ́tò ṣe ń lọ. Gíà náà ti pọ̀ sí i, 8 ni ti Camry 2018, Accord tí mo sọ yẹn ní 10. (Ká má purọ́ mọ́ Corvette, òfin èéfín tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1970 wà lára ohun tó fún ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn lọ́rùn.)

Àmọ́ eré yẹn fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, bó ṣe dákẹ́ ni. Mọ́tò àtijọ́ máa ń kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà, tó bá ti ń sún mọ́ 120 báyìí, sítíárín á máa gbọ̀n, afẹ́fẹ́ á máa fọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ìwọ fúnra ẹ lo máa gbẹ́sẹ̀ kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ. Nínú mọ́tò òde òní, ẹ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ ń sùn lẹ́yìn, o gbójú wo dáṣíbọ́ọ̀dù, o ti wà lórí 140. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fetí wọn eré, etí yẹn ò wúlò fún un mọ́ nínú mọ́tò tuntun, ojú ló gbọ́dọ̀ máa fi wò ó lóòrèkóòrè.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Lórí 100, mọ́tò ń jẹ bíi mítà 28 ní sẹ́kọ́ńdì kan, lórí 140, ó ń jẹ bíi 39. Tó bá gba dẹ́rẹ́bà ní sẹ́kọ́ńdì kan kójú ẹ̀ tó rí nǹkan kẹ́sẹ̀ ẹ̀ tó dé bíréèkì, mítà 11 ti bá a lọ sí i kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Bíréèkì fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Láti 100 sí 140, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ìdádúró ò lè fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni pé ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há téèyàn bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, tí Mercedes gbé jáde lọ́dún 1978 àtàwọn ẹ̀rọ mí-ìn tó tẹ̀ lé e ń gba ẹ̀mí là, mi ò sì bá wọn jà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn, ohun tí táyà bá lè dì mú nílẹ̀ ni wọ́n lè lò.

Táyà yìí gan-an ló ń bí mi nínú jù. Èèyàn á ra mọ́tò agbára ẹṣin 301, á wá lọ ra táyà tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Lẹ́tà kan wà níparí nọ́ńbà ìwọ̀n ẹ̀, T jẹ́ 190 kìlómítà ní wákàtí, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240. Kò ní kẹ́ ẹ sá irú eré bẹ́ẹ̀ o, ohun tó ń sọ ni bí táyà náà ṣe lè fara da ooru tó, èyí tó bá sì kéré sí ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò yín kọ sínú ìwé ẹ̀, ẹ má gbà á. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ojú ihò ẹ̀ lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa kí rọ́bà ẹ̀ sì ti gbó.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé nípa mọ́tò, ẹ má dúró lórí àwọ̀ àti búùtù nìkan, ẹ kọ iye sẹ́kọ́ńdì tó fi ń dé 100 àti iye mítà tó fi ń dúró síbẹ̀. Yúróòpù ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, láti oṣù keje ọdún 2024 ni gbogbo mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún ti gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ta dẹ́rẹ́bà lólobó bó bá ti kọjá eré tí òfin gbà. Àwọn tó ń kọ́ọ̀yàn ní mọ́tò náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ lọ sórí pápá tó ṣófo, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tí mọ́tò ń sáré díẹ̀, kó mọ bí ABS ṣe máa ń gbọ̀n gììrì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ọ ni ọjọ́ ewu, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á rò pé nǹkan ti já, wọ́n á wá gbẹ́sẹ̀ kúrò, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ló yẹ kí wọ́n túbọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì máa yí sítíárín.

Èmi òǹkàwé yín